Eyín Lára Igi

Oiva Kärnä fi aṣọ ìnura wé e wọlé,
ìrì dídì ṣì wà lára bàtà rẹ̀.
"Irja, ìbọn bàbá mi nìyí. Bá mi dá a padà sí bó ṣe wà.
Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ ọta yìí o."
Ó fi àtàǹpàkò hàn mí, nítòsí etí ìdí ìbọn.
"Ọta àwọn ará Rọ́ṣíà. Díẹ̀ ló kù kó mú un lọ."

Mo po kọfí fún un. Kajaani jìnnà, ọ̀nà sì ń yọ̀.

Nígbà tó lọ tán, mo tú ìbọn palẹ̀.
Wọ́n a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ń mọ igi àtilẹ̀wá
yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.
Kí ni kí n wí? Ìdí ni mò ń wá, ni mo fi ń wádìí.
Irin lè parọ́: wọn a fá nọ́ńbà rẹ̀, wọn a tẹ òmíràn lé e.
Igi ò mọ irọ́ ọ́ pa. Ó kàn mọ bí a ti ń dákẹ́ ni.

Ẹ gbé ọ̀pá irin kúrò, ẹ wo kòtò tó ń sùn sí:
nọ́ńbà mẹ́rin, òòlù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́,
eéje inú wọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí.
Mẹ́rin kan náà ló wà lára irin.
Ó dáa. Tọkọtaya ni wọ́n látilẹ̀.

Ẹ wo ibi tí igi méjì ti pàdé,
ìka bọ àárín ìka bí ọwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà.
Igi kóífù kan ṣoṣo, bí òjò bá pa á, a wọ́,
a ti irin, ọta a sì gba ibòmíràn lọ.
Wọ́n so méjì pọ̀ kí ọ̀kan má baà ṣorí kunkun.
(Ọkọ mi ò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ rí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ẹnì kan ti fi fánííṣì kùn ún, ó ń dán bí àga báńkì.
Mi ò lo sáńpépà.
Ẹni tó bá fi sáńpépà ha igi ogun,
ìtàn ló ń ha dànù, tó ń fà á símú.
Ọtí líle àti àkísà ni, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta,
títí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi yọjú,
tí òórùn ọ̀dà igi gba gbogbo ilé.
Ibi tó tẹ̀ wọnú, mo fi aṣọ tútù bò ó,
mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e: ṣííí.
Igi tó ti kú láti ọgọ́rin ọdún mu omi, ó sì dìde.

Ọjọ́ kẹrin ni mo dé ojú ọgbẹ́.
Mo gbé gíláàsì sójú. Mo gbé e kúrò. Mo tún gbé e sójú.
Ọta a máa la igi ya.
Èyí tẹ̀ ẹ́ wọnú ni, mẹ́rin lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀,
wọ́n tò bí oṣù tuntun.
Eyín ni.
Ẹṣin ló gé ìbọn yìí jẹ.
Iyọ̀ ló ń wá, iyọ̀ òógùn àtẹ́lẹwọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.
Wọn ò sọ ohun tí òtítọ́ yóò wí nígbà tó bá bá a tán.

Ní Sátidé, mo bi Oiva:
"Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ṣe lójú ogun?"
Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó ń da ẹṣin. Ó ń kó búrẹ́dì lọ fáwọn tó ń jà."
Mo gbé gíláàsì lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó pẹ́ títí. Etí rẹ̀ pọ́n.
"Virma," ló wí.
Ó tún un wí: "Virma.
Bàbá mi máa ń pe orúkọ yẹn lójú oorun.
Màmá mi bá a jà títí wọ́n fi sin ín.
Gbogbo wa la rò pé obìnrin ni."

Mi ò dí ihò eyín náà. Òróró nìkan ni mo fi pa á.
Ó san owó mi pé, ó gbé ìbọn mọ́ àyà,
ó gbàgbé aṣọ ìnura rẹ̀ sórí àga.